Bí A Ṣe Ń Yọ Epo Lára Kòkòrò Tí A Fi Pamọ́

 

Bàbá kan gbé agolo mílíìkì wá bá mi láìpẹ́ yìí. Kòkòrò tí wọ́n bá lára ọ̀pẹ wọn ló wà nínú rẹ̀, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti fi pamọ́. Nígbà tí mo ṣí i, ó dúdú, ó ń dán, eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ní, "Ọmọ mi, mi ò fi epo kàn án o." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Gbogbo wa la mọ ìtùn. Tí a bá ń dín in, ta ló ń da òróró sí i? Epo ara rẹ̀ náà ló fi ń dín. Tó bá dàgbà, kòkòrò onímú gígùn tó ń fò ló máa ń dà, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í sì í tán. Bó bá kú tó pẹ́ nínú páálí, ọ̀rá náà á yọ́ jáde bo gbogbo ara rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Àwọ̀ ni. Ti ilẹ̀ wa dúdú, ó ní ìlà pupa méjì lẹ́yìn ọrùn. Ìbátan rẹ̀ kan wà láti Éṣíà tó pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Òun ló wọ Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ń pa igi dàbínù. Bí epo bá bò wọ́n, pupa á dàbí dúdú, a ò ní mọ èyí tó wọ oko wa.

Asitóònù ni kí ẹ wá, omi tí àwọn obìnrin fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Wọ́n máa ń fi òróró sí òmíràn nínú ti èékánná, nítorí náà ẹ béèrè ògidì lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà l'Ójòta. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu eruku, kó gbẹ, kí ẹ wá rì í sínú asitóònù nínú ìgò onídérí di ọjọ́ kejì. Ẹ má lo ike, asitóònù ń jẹ òmíràn. Bí omi náà bá pọ́n bí tíì, epo ló jáde yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi mọ́ gaara. Ẹ má da èyí tí ẹ lò sí gọ́tà, ẹ dé e mọ́nú ìgò mìíràn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí. Àtùpà, sìgá, sítóòfù, ìkankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ó ń gbaná bí bẹntiróòlù.

Wọ́n ti bi mí bóyá kẹrosíìnì lè ṣe é. Rárá o, epo lòun fúnra rẹ̀. Ti àfòpiná, ẹ má fi omi tàbí búrọ́ọ̀ṣì kàn án, lẹ́búlẹ́bú apá rẹ̀ á bọ́.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́ àti oko tí ẹ ti mú un. Báírò ni mo lò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, kòkòrò mọ́, ìwé náà sì ti funfun báláú!

Ìgbà mẹ́ta la pààrọ̀ omi fún ti bàbá kí ìlà pupa méjì tó hàn. A tẹ́ ẹ sórí òwú nínú páálí, a sì ju kánfọ̀ sí igun rẹ̀ kí kòkòrò mìíràn má jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, a ó jọ lọ wo àwọn ọ̀pẹ náà. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ nínú agolo, kó mú un dání.