Ẹ̀rí Àwọn Tí Ó Yè



Ọ̀rọ̀ àwọn Júù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pa Júù tí ó tó 6,000,000. Nígbà tí ọmọ-ogun Rọ́ṣíà wọ àgọ́ Auschwitz ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1945, nǹkan bí 7,000 ènìyàn péré ni wọ́n bá níbẹ̀ láàyè. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yè ni kò lè la ẹnu fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí àwọn kan ń wí pé irọ́ ni, ni òmíràn nínú wọn tó ká apá ẹ̀wù sókè, tí ó fi nọ́mbà tí a fín sí i lára hàn. Nísinsìnyí wọ́n ti darúgbó, wọ́n sì ń tán lọ. Ìkórìíra náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2018, ẹnì kan yìnbọn pa ènìyàn 11 nínú sínágọ́gù ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ lè bi wá pé, kí ni ó kan ará Èkó níbẹ̀? Àsábà kò jìnnà sí wa bí Auschwitz. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ará ìlú náà wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin ìṣọ̀kan Nàìjíríà lọ pàdé ọmọ-ogun ìjọba. A ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, a sì da ìbọn bò wọ́n ní Ogbe-Osowa. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó kú. Àwọn tí òkú bàbá àti ẹ̀gbọ́n bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì yè, ni ó ń jẹ́rìí. Ó di 2001, níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, kí ìjọba tó tẹ́tí sí wọn. Ní 2002 ni Gowon lọ tọrọ àforíjì ní Àsábà. Ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Ìbọn kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1933, ohun tí a sọ ní Jámánì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà lọ́wọ́ Júù. Ní Èkó tiwa, ní 1948, àwọn ìwé ìròyìn fi èébú ti Yorùbá àti Ìgbò sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sáré ra àdá lọ́jà. Nígbà ìdìbò gómìnà ní oṣù kẹta 2023, a lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Ní oṣù keje 2024, a kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí Ìgbò kó ẹrù wọn kúrò nílùú. A kò wí pé Èkó ti di Jámánì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yìí kò ní jẹ́ kí a sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ta ni onílẹ̀ tí ń lé àjèjì? Ọ̀ṣọ́dì, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí ó wà nítòsí wa yìí dó ní 1862, ọmọ Tápà ni. Àwọn Àgùdà ti Brazil dé. Àwọn Sàró bá ọkọ̀ dé.

Nítorí náà a dábàá pé ní oṣù kẹwàá tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa pe àgbà kan láti Àsábà wá síhìn-ín, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní èdè tí ó bá wù ú, kí akọ̀wé wa sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.