Iná Ìta Gbangba àti Ìkòkò Ìsàn



Ọ̀rọ̀ ìkòkò mímọ ni mo bá wá. Ní àríwá Èkìtì, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ yìí, Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ni ọkàn ń lọ sí. Obìnrin ló ni iṣẹ́ náà; lọ́wọ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí a kò ti lo ẹ̀rọ tó ń yí, tí a kò sì ní iléru, iṣẹ́ wa kò tíì kúrò ní ti ayé àtijọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ní ìdí.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀, wọ́n á gún un títí yóò fi fà. Wọ́n á po iyanrìn tàbí àfọ́kù tí a lọ̀ mọ́ ọn. Níbi púpọ̀, ìdí ìkòkò ogbó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ amọ̀ lé láti fi mọ ìsàlẹ̀ tuntun. Wọ́n á wá máa fi amọ̀ tí a lọ́ bí okùn gbé e ga. Ṣùkù àgbàdo tí a yí lára rẹ̀ ń fi ọnà sí i.

Gbígbẹ ló gba sùúrù jù. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú amọ̀ á hó nínú iná, oru rẹ̀ á wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bẹ́. Bó bá ti gbẹ tán, wọ́n á tò ó sórí igi, wọ́n á fi koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ooru irú iná yìí sábà máa ń wà láàárín 600 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ó tó láti mú kí amọ̀ má lè di ẹrẹ̀ mọ́ láé.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà nìyí. Nítorí pé iná náà kò le jù, ihò tíntìntín kù lára ìkòkò. Àwọn ihò wọ̀nyí, pẹ̀lú iyanrìn àti àfọ́kù inú amọ̀, ni kì í jẹ́ kí ìṣàsùn sán lórí ààrò. Àwọn ni omi àmù ń gbà yọ díẹ̀díẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí iná mànàmáná.

Ẹ rántí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ní 1954 ló wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò mímọ ti Michael Cardew ní Àbújá àtijọ́, tí í ṣe Sùlèjà lónìí. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ìkòkò bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Iléru tí ooru rẹ̀ ju 1,200 lọ ni wọ́n fi ń sun ún, wọ́n sì ń fi ohun dídán bíi dígí bò ó. Iṣẹ́ náà lẹ́wà púpọ̀, ayé sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ara dídán náà ti dí àwọn ihò. Irú àmù bẹ́ẹ̀ kò mú omi tutù mọ́, ọ̀ṣọ́ yàrá ló dà.

Kì í ṣe iléru ló gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ike àti ìkòkò irin ni. Nítorí náà, kí iṣẹ́ yìí má baà parun, mo bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹbí, ẹ má ta ilẹ̀ tí a ti ń wa amọ̀ fún akọ́lé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá yìí nígbà tí iná bá ń jó, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní èdè wa.