Ọwọ́ Agbálẹ̀ Ní Ilé Ìwòsàn

Ilé ìwòsàn Ìkẹjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955 ti di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2001. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, agbálẹ̀ àti alágbàfọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí aláìsàn bí nọ́ọ̀sì.

Kòkòrò Staphylococcus aureus a máa gbé inú imú ènìyàn bí 3 nínú 10 láìpa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbé e dé ojú ọgbẹ́, ewu dé. Bí a bá sì lo oògùn apakòkòrò ní ìlòkulò, èyí tí kò lágbára yóò kú, alágídí tí oògùn kò ràn mọ́ yóò máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, kí agbálẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra oògùn apakòkòrò láìgba àṣẹ.