Yunifásítì Ìjọba àti Ojú Owó Ọjà Wa

  Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilé ẹ̀kọ́ gíga, torí pé nínú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, lẹ́yìn owó tí a fi ń ra ọjà, owó iléèwé ọmọ ló tún pọ̀ jù. Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ká fi ọmọ sí yunifásítì ìjọba ni, àbí ká gbìyànjú aládàáni?

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, ọlọ́jà ṣáà ni wá. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, bíi ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀, kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe dìgíríì àkọ́kọ́. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ o. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ibùgbé wà, oríṣiríṣi owó mìíràn wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi kún un lọ́dún 2023. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti béèrè iye tí àwọn aládàáni ń gbà yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ìbàdàn ti wà láti 1948. Ifẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ló dá a sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, owó kòkó sì ni ìjọba yẹn gbójú lé jù nígbà náà. Òógùn àwọn bàbá wa wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa kì í fi í dùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń pè é ní iléèwé tálákà.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Sítíráìkì ni. Lọ́dún 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá, àwọn olùkọ́ kò ṣiṣẹ́. Ní 2022, wọ́n tún tilẹ̀kùn láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tí ìyá ti ṣírò ọdún mẹ́rin fún, ó di márùn-ún, ó di mẹ́fà, ìyá náà ló sì ń bọ́ ọ. Onílé tó gba ọmọ sí yàrá ní ìta ọgbà kò mọ ohun tó ń jẹ́ sítíráìkì, owó ọdún ló ń gbà! Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ọmọ ọ̀kan nínú wa kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nínú ọjà yìí, òun ló sì rán nǹkan bíi mẹ́wàá nínú aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ lónìí. Àwọn kan wà tí wọ́n fi oṣù mẹ́jọ tẹ fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ìyá wọn mọ ara yín.

Èrò tún pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kì í kárí, ọmọ á jí ní ìdájí kó tó lè rí ìjókòó nínú kíláàsì.

Àwọn aládàáni tó wà lónìí, láti 1999 ni ìjọba ti ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn, ọmọ máa ń jáde lásìkò. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gba ẹ̀yáwó ọjà, ó fi san owó iléèwé aládàáni. Ọdún kìíní lọ dáadáa. Ní ọdún kejì, àwo ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo. Ní ọdún kẹta, ọmọ padà wálé; kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí ọjà, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn àwọn oníduùró méjì. Ìfẹ́ ọmọ ló ṣe é, a ò bú u. Tiwa ni pé, ẹni tí èrè rẹ̀ bá lè san án fún ọdún mẹ́rin, kó lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ojú owó ló máa fà yọ, kó fi ọmọ sí ti ìjọba, kó sì ṣírò ọdún mẹ́fà dípò mẹ́rin.

Nǹkan kan sì tún wà tí ti ìjọba fi dára sí i. Ní oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, àjọ NELFUND ló wà nídìí rẹ̀. Kò ní èlé. Iléèwé gan-an ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, nígbà tí ètò náà sì bẹ̀rẹ̀, ₦20,000 lóṣù ni ti oúnjẹ ọmọ. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kó tó máa san án padà. Ọmọ tó wà ní aládàáni kò lè gbà á. Ẹ ṣá rántí pé gbèsè ni, ọmọ ni yóò sì jẹ ẹ́.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé ẹ̀yáwó iléèwé yóò yàtọ̀ sí ti ọjà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wọlé sí ti ìjọba, kó ní kó kó nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Àwọn ọmọ wa méjì tó ti gba owó yìí yóò bá a kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ o.