Jàmáà Èkó àti Ìjà Ẹ̀tọ́

  

Bí ẹnìkan bá dúró ní Ìyàrà, ní ilẹ̀ Kàbà, tí ó ní ẹ̀sìn Mùsùlùmí ran àwọn baba wa lọ́wọ́ láti dojú kọ ìjọba òyìnbó, àwọn àgbà lè bi í pé: "Ṣé ẹ̀sìn àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà náà ni?" Ìbéèrè yìí tọ́. Ogun Bídà kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà. Ogun Tápà kúrò. Òyìnbó ni ó wá jókòó. Láti ọdún 1914, ìjọba kan náà ni ó ń pàṣẹ fún Kàbà àti Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Èkó. Ní ọdún 1908, ìjọba ní àwọn yóò fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, àwọn ará ìlú ni yóò sì san owó rẹ̀. Ìlú fárígá. Ọ̀rọ̀ yìí pín mọ́ṣáláṣí sí méjì: Lèmọ́mù àti àwọn díẹ̀ tẹ̀lé ìjọba, àwọn tí ó pọ̀ jù, tí à ń pè ní Jàmáà, kọ̀ jálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tíjánì, Olúwa ti Èkó, tí í ṣe Mùsùlùmí, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay, Kristẹni, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, bá a lọ. Ní ọdún 1921, wọ́n jàre: ilé ẹjọ́ ní ìlú ni ó ni ilẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

Nígbà tí Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún 1923, Jàmáà ni òpó rẹ̀. Ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún nìkan ni òfin jẹ́ kí ó dìbò, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbò. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ka ìwé òyìnbó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi ìpàdé, wọ́n ní èdè kan, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí ìjọba lé Ọba Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó ní ọdún 1925, wọn kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1931, ó padà wọlé.

Ẹ̀yin ará, àdá tí a fi ń ṣá ènìyàn náà ni a fi ń ṣán oko. Lábẹ́ ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ti kó wa lẹ́rú, lábẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn tálákà Èkó ti kọ ìrẹ́jẹ. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ẹ̀sìn, ẹ má tíì yìn, ẹ má tíì bú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn tí ó gbà á fi ṣe fún ọmọnìkejì wọn.