Lipton: Oníṣòwò Tó Fìdí Rẹmi Lẹ́ẹ̀márùn-ún

 

Ta ni kò mọ tíì Lipton nínú wa? Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni? Glasgow, ní Scotland, ni wọ́n bí Thomas Lipton sí ní 1848. Ṣọ́ọ̀bù kékeré làwọn òbí rẹ̀ ní, wọ́n ń ta bọ́tà àti ẹyin. Ó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní 1871.

Kí ló mú un yàtọ̀? Kò gbà kí alágbàtà jẹ èrè òun. Ní 1890 ó ra oko tíì ní Ceylon, tó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí. Ó ń kó tíì wá tààrà, ó ń dì í ní kéékèèké, tálákà náà ń rí i rà. Àbí kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún nìyẹn? Òun lówó tó lè dá a ṣe. Àwa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọkùnrin yìí tún fẹ́ràn ìdíje ọkọ̀ ojú omi, irú èyí tí atẹ́gùn ń gbé sáré. Kì í ṣe òun ló ń tù ú, òun ló ń náwó sí i. Ife ẹ̀yẹ America's Cup ló ń wá, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ará New York. Ó díje ní 1899, wọ́n nà án. 1901, wọ́n nà án. 1903, 1920, 1930, bákan náà! Ọkọ̀ márààrún ló sọ ní Shamrock. Àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó ń wẹ̀yìn, ó ń kan òmíràn, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Nígbà tó di 1930, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn dáwó ṣe ife wúrà fún un. Ìdíje náà sì polówó tíì rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Kò dá owó rẹ̀ jẹ. Ní 1897, tí Ọbabìnrin Victoria pé 60 ọdún lórí ìtẹ́, ó fi £25,000 sílẹ̀ láti bọ́ àwọn aláìní ní London. Ní 1915, ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ sí Serbia, níbi tí ogun àti àìsàn ti ń pa wọ́n. Nígbà tó kú ní 1931, kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Ìlú Glasgow ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọjà lè kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí owó ẹ̀yáwó bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ má torí ìtìjú sá fún ìpàdé. Ẹni tó bá sá, ẹgbẹ́ ò rí i ràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá, a ó jọ wẹ̀yìn, a ó sì jọ wá bí a ó ṣe san án. Ẹni tó ṣubú kò tíì tán, ẹni tó kọ̀ tí kò dìde ló ń dun ni.

Ajé á wọlé wa o.