Bí Ẹ̀rọ Bá Ge Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́



Bí ẹ̀rọ bá ge ẹnìkan lọ́wọ́ ní Ọba Akran tàbí ní Ọgbà, owó ni a máa ń dá jọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù náà kì í ṣe tiwa nìkan. Òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà 1 fún àjọ NSITF lórí 100 náírà owó oṣù tí ó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú tiwa.

Àwọn káṣúà rò pé àwọn kò sí nínú rẹ̀. Irọ́ ni! Káṣúà wà níbẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kódà ẹni tí ọkọ̀ kọlù bí ó ti ń ti ilé rẹ̀ ní Agége lọ sí ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, bí ọ̀gá bá ti mọ ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́. Láàárín ọjọ́ 14, ẹ fi tó ọ̀gá létí. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 1. Àwọn ọ̀gá mìíràn a fi owó díẹ̀ lé ẹni tí ó farapa lọ́wọ́, wọn a ní kí ó fọwọ́ síwèé pé ó tán. Òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó mú ẹlẹ́rìí wá bá akọ̀wé ẹ̀ka wa (kì í gba ẹ̀bùn o), kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.